Àpá Tí Kì í Ṣe Ti Ọkọ Mi

"Ayédèrú ni! Mo ní ayédèrú ni! Ṣé kí n lu agogo sí ẹ létí ni?"

Bàtà Dídán ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú yàrá Ìyá Aránṣọ, tó ju gìtá béèsì olókùn mẹ́rin sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń ju aṣọ ìdọ̀tí. Àbúrò ọkọ Ìyá Aránṣọ ni. Bàtà rẹ̀ tó máa ń dán bíi dígí tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìbá ṣe pé inú rẹ̀ mọ́ tó bàtà rẹ̀ ni! Ìkà gbáà ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi pamọ́ fún yín.

"Ẹ rọra, Bọ̀dá Dídán. Gìtá ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iye tó tó, mo gbé e fún yín. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò lọ́wọ́ yín. Kí lonítọ̀hún wá wí?"

"Ó rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní igi lásán ni, iṣẹ́ àwọn oníjìbìtì. Ìyàwó wa, ọkọ ẹ tàn ẹ́ jẹ! Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ fún ẹ pé ojúlówó ni, pé bóun bá kú, yóò tọ́jú ẹ. O rí ìtọ́jú ọ̀hún ṣá?"

"Ọkọ mi kì í parọ́."

"Ó dáa, lọ bi í!"

Háà! Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí opó olóṣù mẹ́jọ nìyẹn? Bàtà Dídán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu eruku bàtà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá Aránṣọ kò sunkún. Ó jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ ò sí nínú ilé yẹn, òun àti ọkọ ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe. Bó bá ti ń tẹ maṣíìnì láyé ọjọ́un, ọkọ á fi gìtá tẹ̀lé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa fi ohùn abẹ́nú kọrin:

*Aránṣọ, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́,*
*Èmi náà á fìka ta á,*
*Ariwo àwa méjèèjì,*
*Ilé wa ò ní dá páro.*

Ilé ti wá dá páro wàyí. Owó kọ́ ló ń dùn ún. Bí gìtá bá jẹ́ irọ́, àwọn ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kù ńkọ́? Ìgbà tó ní kò sí obìnrin tó dà bíi rẹ̀, ṣé irọ́ nìyẹn náà? Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, òròòwúrọ̀ ló máa ń kí gìtá yẹn bí ẹni ń kí èèyàn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi da aṣọ bò ó, tó ń yí ojú kúrò lára rẹ̀ bí aládùúgbò tí wọ́n jọ jà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní òun á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onígìtá, arúgbó tó ń tún gìtá ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá kò tilẹ̀ ta á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Wọ́n gbìyànjú o, màmá. Pépà oníyanrìn ni wọ́n fi họ ọ̀dà ẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Àpá irin bẹ́líìtì rèé, bí ìgbà téèyàn dìde dúró ta á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo oníjìbìtì ló máa ń ṣe ìyẹn."

"Ẹ ní àpá kí ni?"

"Bẹ́líìtì."

Ìyá Aránṣọ dìde. "Bàbá, ọkọ mi kò dúró ta gìtá rí! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ò gbà á. Orí itan ló ń gbé e lé. Èmi ni mo ń lẹ itan ṣòkòtò ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, n ò lẹ ibòmíràn rí! Ibi tí aṣọ bá ti ń gbó lára èèyàn ni mo mọ̀, iṣẹ́ mi ni. Ara ọkọ mi kọ́ ló dá àpá yìí sí i!"

Bàbá tú ìdè mẹ́rin tó so ọrùn gìtá mọ́ ara rẹ̀. Igi abẹ́ rẹ̀ funfun báláú, òórùn igi tútù ń tibẹ̀ jáde.

"Wọn ò tíì gbẹ́ igi yìí tóṣù kan," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Màmá, ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ń gbé gìtá òmíràn bọ̀ láàárọ̀ yìí kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀gá ẹ̀ tó fẹ́ rà á. Bàtà ẹni yẹn ń dán gan-an nígbà tó wá sọ fún mi."

Kò pẹ́ náà ni Bàtà Dídán wọlé, òun àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ohun èlò orin àtijọ́ bí ojú.

"Bàbá, ẹ wò ó!" Ó ṣí àpótí. Gìtá inú rẹ̀ pupa fòò, ó ń kọ mànà. "Ó ti gbó jù tẹ́lẹ̀, ojú ń tì mí láti gbé e fún ọ̀gá mi. Mo ní kí wọ́n họ gbogbo ọ̀dà játijàti yẹn dànù, kí wọ́n kùn ún ní tuntun!"

Bàbá káwọ́ lérí. "O họ ọ́? O ti pa á! Ọ̀dà tó gbó yẹn làwọn èèyàn ń wá! Òmùgọ̀!"

"Ṣé ojúlówó ni ṣá?" ni ọ̀gá bèèrè. "Ó ní ogún òun ni."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbí," ni Bàbá wí.

Ìyá Aránṣọ jáde sí wọn. Ẹnu Bàtà Dídán là sílẹ̀.

"Ì-ìyàwó wa…"

Ìyá Aránṣọ dijú, ó gbé ìka lé ara igi náà. Ọ̀dà tuntun ń yọ̀, ṣùgbọ́n òkè okùn tó nípọn jù, kòtò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àtàǹpàkò gbẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún. Àtàǹpàkò tirẹ̀ wọ inú rẹ̀.

"Ọwọ́ ọkọ mi nìyí," ló wí.

Bàbá tú ọrùn rẹ̀. Igi ibẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi!" ni Bàtà Dídán ń kígbe. "Kí n má rí àárọ̀ ọ̀la bí mo bá parọ́!"

"Ta ló wá gbẹ́ èyí?" Bàbá gbé ayédèrú sókè. "Ta ló gbé e fún opó?"

Bàtà Dídán dọ̀bálẹ̀ sínú eruku tòun ti bàtà dídán rẹ̀.

"Má wá síbi iṣẹ́ mi mọ́ láé!" ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó lè ja opó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lólè, kí ni kò ní jí lọ́dọ̀ mi? Olè! Aláìlójútì!"

Àwọn tó ń kọjá níta ti gbọ́, wọ́n fi ariwo "Olè!" sìn ín dé ìparí òpópónà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹbí ti ní kò gbọdọ̀ yọjú sáàárín wọn mọ́. Ó tọ́ sí i! Ó sọ tuntun di gbígbó fún opó, ó sọ gbígbó di tuntun fún ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ba nǹkan kan.

"Màmá," ni Bàbá Onígìtá wí, "n ò ní tàn yín. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀ bá fi kọ́lé. Ní báyìí, kò lè pa owó ńlá mọ́."

"Ṣùgbọ́n ojúlówó ni?"

"Ojúlówó ni."

"Ẹ tún un sọ, Bàbá."

"Ojúlówó ni, màmá."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Arúgbó náà tún un sọ, ojú rẹ̀ sì kún fómi.

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé gìtá ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi ìka kan ta okùn tó nípọn jù. Ìró náà wọ̀ ọ́ níkùn lọ.

"Ẹ forí jì mí, ọkọ mi," ló wí. "Díẹ̀ ló kù kí n gba ọ̀rọ̀ àbúrò yín gbọ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni."

Ó dúró títí ìró náà fi kú fúnra rẹ̀, ó sì tún un ta.