Orúkọ Tí Mo Fún Ìgbín Ìbẹ̀fun

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. N kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì yọ níbẹ̀. Olúyọmí tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé, ẹ lè bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ló mọ̀.

Iṣẹ́ ìgbín ni mò ń ṣe ní Ìjagun nígbà náà. Kì í ṣe ìgbín ọbẹ̀ o. Àwọn wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé jíjẹrà ni, tí òmíràn kò tó hóró ìrẹsì. Àwọn aládùúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kàwé tán, ìgbín tí kò kún ẹnu ni mò ń lé kiri. Iṣẹ́ wa ni láti wo ìkarahun wọn lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, kí á sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí a bá rí irú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ẹni tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ló máa sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni a ó fi sínú ìgò spírítì kó má bàa jẹrà, òun ni yóò máa jẹ́ orúkọ náà lọ. Bí ìwé bá ti jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe. A kì í gba orúkọ náà padà.

Mo rí tèmi nínú igbó kan lẹ́yìn Ìbẹ̀fun. Apá òsì ni ẹnu ìkarahun rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni ti àwọn yòókù. Inú mi dùn débi pé n kò ronú. Mo sọ ọ́ ní Mardiyah, orúkọ ọmọ mi kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo fi í sínú ìgò pẹ̀lú ìgbín náà. Ìgbín náà ti kú tipẹ́.

Lọ́jọ́ tí ìwé jáde, òjò ń rọ̀. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ wa ti ṣú. Iná kò sí. Mo pe ilé lórí fóònù kí ọmọ náà lè bá mi yọ̀.

“Mardiyah!”

Kò dáhùn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

“Mardiyah, ṣé ò ń gbọ́ mi?”

Nǹkan kan dún kó nínú ìgò. Mo yíjú. Ìgbín náà ti na ìwo síta, ó kọjú sí mi.

Mo sá jáde. N kò mọ bí mo ṣe délé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá ọkọ mi, Àlàájà Sàúdátù, ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Mardiyah, ọmọ yìí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.”

“Ṣé etí ń dùn ún ni, mà?”

“Etí kò ṣe é. Ó gbọ́ ‘jókòó’. Ó gbọ́ ‘wá jẹun’. Orúkọ ni kò gbọ́.”

Mo pè é. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń pè. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà.

“Orúkọ ọmọ lo fún ohun tó ti kú?”

Ó kọjú sí ọmọ náà, ó pe oríkì rẹ̀.

“Àwẹ̀ró!”

“Mà!” Ọmọ náà sáré dì mọ́ ọn.

Mo padà lọ yọ bébà inú ìgò, mo dáná sun ún. Kò yí nǹkan kan padà. Láti ìgbà náà, Àwẹ̀ró nìkan la fi ń pè é. Bí a bá pẹ́ kí á tó pè é, yóò dúró sójú kan, ojú rẹ̀ á ṣófo. Bí a bá pè é, á padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rù ń bà mí láti sùn.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo kó àpótí ìgbín fún Olúyọmí. Ó wá kí wa, ó gbọ́ bí Àlàájà ṣe ń ké oríkì náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ náà dùn ún gbọ́. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ló pè mí.

“Ẹ kú oríire o, Ìyá Mardiyah! Mo rí irú tuntun kejì nínú àpótí yín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ.”

“Háà, ìwé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni. Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni.”

“Kí lẹ sọ ọ́?”

Kó tó dáhùn, Àlàájà pe ọmọ láti ilé ìdáná.

“Àwẹ̀ró!”

Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò mira. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

“Ìyá Mardiyah,” Olúyọmí sọ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Èmi àti ìgò ìgbín nìkan ló wà nínú yàrá yìí. Ta ló ń dáhùn pé ‘Mà’?”

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fa ọmọ mi mọ́ra. Mo la ẹnu láti pè é, n kò rí orúkọ tí mo máa pè.