Ará Òkè Tó Wá Jọọlá Dé Aràròmí

Ẹsẹ̀ méjì ni Kọ́lájọ kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí ìtì igi ní etí omi Igbókòdá, iyanrìn bò wọ́n, ọ̀dà dúdú sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó ni wọ́n ń kọrin sẹ́nu, ó ń fi òòlù kékeré gbá òwú wọ inú àlàfo pákó.

Kọ́lájọ kò níṣẹ́ níbẹ̀. Àwọ̀n ìpẹja ni ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn rán an wá tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń dúró dè é lọ́jà. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá rán ọkùnrin yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́gi ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti dúró níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Òrè, ó sì ti dúró lọ́dọ̀ káfíńtà kan tó ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkìtìpupa. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé, "Kọ́lájọ, bí mo bá ní kí o lọ ra iyọ̀, ìdí pákó la ó ti wá ọ."

Ó fọwọ́ ra ìdí ọkọ̀ náà. "Igi ọmọ̀ ni," ó sọ fún ara rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ọ̀dà ibẹ̀ kò tíì gbẹ," ohùn obìnrin kan wí lábẹ́ ọkọ̀.

"Mo ti fọwọ́ kàn án ná."

Orin dákẹ́. Ọmọge dúdú kan rá jáde, òwú kún irun rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ Kọ́lájọ, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ kan náà nù, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Epo pupa ló máa bó o. Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fọwọ́ kan nǹkan kan."

Jọọlá lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń kan ọkọ̀ ní Molútẹ̀hìn, ìlú kan lórí omi, òun ló sì ń di ojú pákó kí omi má baà wọlé. Wọ́n gbé ọkọ̀ yìí wá fún ẹni tó rà á ni. Bó ṣe ń fi epo ra ọwọ́ Kọ́lájọ, ọ̀rọ̀ igi ni wọ́n ń sọ, títí oòrùn fi yí, tí àwọn oníbàárà fi bínú lọ sílé.

Láti ìgbà náà, Kọ́lájọ kì í pẹ́ kó tó tún rí ìdí tó fi yẹ kóun lọ sí Igbókòdá. Ó ṣì ń yà ní Òrè, ó ṣì ń yà ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n àgékù igi tó dára ló ń ṣà níbẹ̀ fún Jọọlá báyìí: ìrókò, àfàrà, àpá. Ilé Rhoda, àbúrò ìyá Jọọlá tó ń ta ẹja yíyan nítòsí èbúté, ni wọ́n ti ń pàdé.

"Búrẹ́dì ni ọkùnrin ẹlòmíì ń gbé wá," Jọọlá á ní. "Tèmi ń gbé igi ìdáná."

"Ṣé mo ti wá di tìẹ?"

"Igi ni mò ń wí. Ẹ má fi kún un."

Nígbà tó yá, Kọ́lájọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá Jọọlá pé òun fẹ́ fẹ́ Jọọlá. Ọkùnrin gíga ni bàbá náà, kì í yára fèsì. Ó gbọ́ ọ tán.

"Iṣẹ́ rẹ dára, ìwà rẹ náà dára. Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́, sà."

"O ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí?"

Kọ́lájọ wolẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, odò gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wọ omi tó kọjá orúnkún mọ́. Molútẹ̀hìn tí Jọọlá ń gbé, kò débẹ̀ rí.

"Orí omi ni ọma mi ń gbé," bàbá wí, ọmọ ló ń pè ní ọma bí àwọn ará odò ti í pè é. "Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe é, etí bèbè ni wàá dúró sí, tí wàá máa pe orúkọ rẹ̀. Lọ fẹ́yàwó lókè. Mi ò bá ọ ṣọ̀tá."

Jọọlá sin Kọ́lájọ dé ìdí mọ́tò. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó ní. "Mo mọ bí mo ṣe ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Kò rí àyè náà kí ìjà odò tó bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1998 là ń wí yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń wa epo ti ń gbóná láàárín àwọn tó ti jọ ń pẹja tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó gbiná, ìbọn ń dún nínú àwọn odò tóóró, àwọn ilé orí omi sì ń jó láti òpó dé òrùlé. Ilé iṣẹ́ ní kí Kọ́lájọ kó ọjà tó kù ní Òrè wálé, kó má sì kọjá ibẹ̀.

Ó kọjá ibẹ̀. Igbókòdá kún fún àwọn tó sá wá láti odò, wọ́n sùn káàkiri nínú ilé ìwé. Ó wo ojú kan dé èkejì, kò rí Jọọlá. Rhoda náà kò rí i. Ó wá rò ó pé bí ilé bá jó lójú ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ igi, bíi Jọọlá àti bàbá rẹ̀, ibi tí igi wà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ. Bó ṣe ń padà, ó ń yà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, kì í ṣe nítorí igi mọ́.

Lẹ́yìn Òkìtìpupa ló ti rí Bàbá Jọọlá. Ó jókòó lórí ìtì igi kan, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan.

"Jọọlá ńkọ́, sà?"

Bàbá dáhùn. "Ọkọ̀ tèmi ló ṣáájú. Tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbé Ìyá Àrìnpé, arúgbó ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí kò lè rìn. Ìbọn dún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí wọn mọ́."

Kọ́lájọ jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó lọ ra pùpúrù, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará odò, àti ọbẹ̀ wá, ó sì dúró ti bàbá náà títí ó fi jẹun.

"Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àǹtí Rhoda," ó ní. "Àwọn tó ń gbé ẹja wá fún wọn láti etí òkun lè ti gbúròó nǹkan."

Nígbà tí wọ́n dé Igbókòdá, Rhoda ti ń wá ẹni tó máa rán sí wọn. Àwọn apẹja láti Aràròmí ti sọ pé obìnrin kan tó fi ọkọ̀ sá dé láti Molútẹ̀hìn ń tún ọkọ̀ àwọn asásálà ṣe ní etíkun, ó sì ń tọ́jú arúgbó kan.

"Èmi á lọ," bàbá wí. "Ìwọ dúró dè wá."

Kọ́lájọ ti ń bọ́ bàtà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí àárín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ní gbogbo kọ́nà odò, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tẹ́tí fún ìbọn. Kọ́lájọ bì. Bàbá nawọ́ sí i, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"Iwájú ni kí o máa wò. Má wo omi."

Òkun ti jẹ ìdajì òpópónà kan tán ní Aràròmí. Ògiri ilé kan dá dúró láàárín ìgbì. Lẹ́yìn ògiri náà ni Jọọlá wà, ó ń wẹ ẹsẹ̀ fún Ìyá Àrìnpé. Ó gbójú sókè. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré, ó wólẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, bàbá sì jókòó sórí iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa orí ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń sunkún láìfi pamọ́.

Ó pẹ́ kí Jọọlá tó rí ẹni tó dúró lẹ́yìn.

"Ẹ wọ ọkọ̀?"

"Mo wọ̀ ọ́."

"Ta ló gbé yín jù sínú rẹ̀?"

Kọ́lájọ sún mọ́ ọn. "Mo rò pé o ti kú," ó ní. Jọọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá ń wò wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja sísun, bàbá pe orúkọ ọkùnrin náà fúngbà àkọ́kọ́. "Kọ́lájọ. O bì nínú ọkọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O tún bì. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí o ní ká padà." Ó yọ egungun ẹja sọnù. "Mi ò nílé tí àwọn èèyàn rẹ yóò ti wá tọrọ ọmọ báyìí."

"Ibi tí ẹ bá wà ni wọ́n á wá, sà."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì bi èmi léèrè," Jọọlá wí. Àwọn méjèèjì yíjú sí i. "Mi ò lè gbé Ìbàdàn. Bí omi bá ti tòrò, ìdí ọkọ̀ ni mò ń padà sí."

"Igbókòdá ńkọ́?" Kọ́lájọ bi í. "Mo lè bẹ ọ̀gá mi kó fi mí síbẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó máa gbà láti wá."

Jọọlá rò ó, kò kánjú. "Tó bá jẹ́ Igbókòdá, mo gbà yín."

Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀, wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní àgbàlá Rhoda, láìsí ariwo púpọ̀. Ìyá Kọ́lájọ wá láti Ìbàdàn, ó sì jẹ pùpúrù débi pé ó ní kí wọ́n di díẹ̀ fún òun lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú, Jọọlá ò tíì jáde. Bàbá rẹ̀ gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wá kí ìyàwó ló ń dá padà. Láti ọjọ́ tí ìbọn ti dún, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ò kọjá kí ọmọ náà má ta jí.

Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ lójú omi, ariwo rẹ̀ gba gbogbo èbúté. Bàbá dìde dúró. Kọ́lájọ yọjú láti inú yàrá.

"Ó ti jí?" bàbá béèrè.

"Rárá, sà. Ó kàn yíra padà ni."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó sì tún jókòó. "Jẹ́ kó sùn," ó ní.