Ẹ Má Wó Òkìtì Iyanrìn Tó Ń Gbà Yín Lọ́wọ́ Òkun

Ẹ bi gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó mọ katakata wà tó mi. Tí mo bá ti jókòó sórí ẹ̀, òkè gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí nígbà tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sétí òkun, níwájú ilé màmá wa.

"Àbúrò, wo òkìtì iyanrìn yẹn. Kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Ìtàkùn orí ẹ̀, hú u dànù. Àlejò tó bá jí gbọ́dọ̀ máa rí òkun látorí bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kó ti tán kí n tó sín ni, àbí tí mo bá sín tán?"

"Aláṣejù! Ṣáà ṣe é."

Mo ti tan katakata nígbà tí obìnrin tó ya àwòrán ilé náà sáré dé, ó sì dúró gbagidi síwájú mi.

"Pa á! Pa á! Màmá yín ń sùn sẹ́yìn òkìtì yìí, ẹ fẹ́ yọ̀nda wọn fún òkun?"

"Iyanrìn lásán-làsàn," ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

"Òun ni ògiri yín, mà. Bí ìgbì bá le, ara ẹ̀ ló ti ń rọ̀. Gbòǹgbò ìtàkùn yìí ló sì dì í mú. Tẹ́ ẹ bá hú u, atẹ́gùn á gbé iyanrìn lọ, omi á wọlé."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Gbogbo ohun tó ní ló ti kó sórí iṣẹ́ yẹn. "Ṣé kí n má kọ́lé mọ́ ni?"

"Ẹ ó kọ́ ọ, mà. Ẹ fi igi kọ́ ọ sẹ́yìn òkìtì, ẹ gbé e ka òpó, kí omi lè rí abẹ́ ẹ̀ gbà. Kí òrùlé má ga ju àwọn igi tó wà níbẹ̀ lọ. A ó wá fi pákó ṣe afárá gba orí òkìtì, kí ẹsẹ̀ àlejò má baà tẹ ìtàkùn pa. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wo òkun."

Màmá yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ gbọ́ tiẹ̀ o! Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì!"

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. A kọ́ ọ bí obìnrin yẹn ṣe wí.

Nígbà tí òjò dé, òkun bínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìgbì tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ó dáa, tó ga jù mí lọ, kọlu òkìtì yẹn. Omi díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ó rá pálá gba abẹ́ ilé, ó padà.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sọ́dọ̀ màmá. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá. Ó gbẹ táútáú. Ó jókòó síbẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ jí?"

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí mi yìí."

Mo ní kí wọ́n máa kí mi, èmi ni mo lé òkun padà.

"Ìwọ tó kù díẹ̀ kó o gbé ògiri wa lọ!" Ẹ̀gbọ́n mi sọ bàtà lù mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé sétí òkun, ẹ má wó òkìtì iyanrìn, ẹ má hú ìtàkùn orí ẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ gbé ilé ka òpó. Kẹ́ ẹ tó pe irú èmi, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé etí òkun. Ilé yín á dúró, òkun náà á sì wà láyè tiẹ̀.