Ẹ̀rín Tí Òkú Ń Dúró Dè

Ọjọ́ tí Ìmísí kọ́kọ́ pàdé Aminullah, ẹ̀rín ló fẹ́ rín tí kò rí rín.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, ní Mayfair nílùú Ifẹ̀, níbi tí Fáníyì ti máa ń fi ohùn Yorùbá sí fíìmù àwọn ará Íńdíà. Fíìmù Tamil kan ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, fíìmù aláwàdà. Ọkùnrin kan kú, ó dé ọ̀run, ó ní òun ò tíì dágbére fún ìyàwó òun. Oníbodè ọ̀run ní kó padà sáyé, àmọ́ ọjọ́ tó bá ti pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín, kó máa bọ̀ lọ́run pátápátá.

Aminullah ni wọ́n fún ní ohùn òkú, wọ́n fún Ìmísí ní ti ìyàwó. Ìmísí dojú kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó rín ẹ̀rín, ó há a lọ́fun.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín nìyẹn àbí ewúrẹ́ ló ń wúkọ́?” Aminullah béèrè.

Inú bí Ìmísí. Bó ṣe la ẹnu láti fèsì, ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín ewúrẹ́ yẹn náà gan-an. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ìfẹ́ ń ti inú yẹ̀yẹ́ wá. Ní Ifẹ̀ níbí, mo ti rí èyí tó ti inú ìjà wá.

“Ìmísí mi,” ni Aminullah máa ń wí, “bí mo bá kú lóòótọ́, má tètè rẹ́rìn-ín o. Mo ṣì fẹ́ dúró tì ẹ́.”

“Pa ẹnu ẹ dé! O ò ní kú, olówó orí mi.”

Alhaja Ṣàkírátù, ìyá Aminullah, ọmọ Ìwó tó ń gbé ní Ilare, ò fẹ́ gbọ́ rárá nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní Ìmísí lòun fẹ́ fẹ́. “Ọmọ díákónì? Nínú ilé tí bàbá ẹ ti ṣe ládánì? Láéláé!” Kò tilẹ̀ gbà kí Ìmísí wá kí òun.

“Wọ́n á gbà,” Aminullah tù ú nínú. “Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹ, ó parí.”

Ọ̀fìnkìn mú Ìmísí nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀, ni Aminullah bá dá sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tó yẹ kí Ìmísí wá sọ tirẹ̀, tírélà gbá ọ̀kadà tó gbé Aminullah lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Kí ìròyìn tó kan Ìmísí, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Kò rí ojú rẹ̀, kò sì mọ sàréè rẹ̀. Ta ni ì bá bi?

Oṣù ń gorí oṣù. Fáníyì bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá rín ẹ̀rín ìgbẹ̀yìn fíìmù náà.

“Mi ò ní rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá rín in, ó lọ nìyẹn.”

“Ìmísí, fíìmù lásán ni.”

“Mo mọ̀ pé fíìmù ni,” ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fáníyì pè é lórí fóònù. “Ìyá Aminullah wà níbí. Wọ́n ní ohùn ọmọ àwọn làwọn wá gbọ́. Máa bọ̀, jọ̀ọ́.”

Ìmísí kúnlẹ̀ kí Alhaja. Alhaja dáhùn, àmọ́ kò wojú rẹ̀. Fáníyì tan ẹ̀rọ, ohùn Aminullah sì gba yàrá kan:

“Ìyàwó mi, mo ń lọ o. Rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́. Kódà, ti ewúrẹ́ yẹn náà tó mi.”

Kò sẹ́ni tó kọ ti ewúrẹ́ yẹn sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un. Ìmísí fi eyín di ètè. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín ewúrẹ́ já bọ́, ẹkún tẹ̀lé e. Fáníyì gba ohùn náà sílẹ̀, kò sì gé ẹkún náà kúrò títí dòní.

Alhaja ti dìde.

“Ẹ̀rín yẹn! Òun ni Aminullah máa ń sín jẹ nílé tí mo bá ń bínú, àá sì jọ rẹ́rìn-ín títí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín ẹnìkan ni.”

Ó fa Ìmísí dìde, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

“Ó tó, ìyàwó mi. O ti jẹ́ kó lọ. Wá, jẹ́ kí n mú ẹ lọ síbi sàréè ọkọ ẹ.”