Bọ́tìnì Tí Wọ́n Kọ “Mo Gbà” Sí

Télọ̀ tó wà ní ìkóríta ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì fi mú un wá.

“Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n, o kú iṣẹ́ o,” ló fi kí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ilé-ìkàwé. “Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ní ká wá wo ìwé táwọn aládùúgbò wa ń kà?”

“Ìwé wo, mà?”

Télọ̀ na fóònù rẹ̀ sí i. “Ó dún láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ṣí i, orúkọ èèyàn tò lọ rẹrẹ. Àṣé ìwé bí èèyàn ṣe ń dín sísanra kù ni ìyàwó oníbúrẹ́dì ń yá! Ẹni tó ń sọ fún wa pé búrẹ́dì kì í sanni lára! Orúkọ káfíńtà náà wà nísàlẹ̀, n kò tíì débẹ̀ ni. Oníbàárà ń dúró dè mí.”

Ó jáde lọ. Ẹ̀rín tí ọmọbìnrin náà fẹ́ bá a rín gan mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Kò pẹ́ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tó fi rí iṣẹ́ sí ilé-ìkàwé. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ nípa fóònù tí kò ní dáhùn pé, “Mo ti mọ̀ ọ́n,” nígbà mìíràn kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán. Bí orúkọ ìnagijẹ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ó sì kà á sí oríyìn.

Olùtọ́jú àgbà ilé-ìkàwé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Ìdákẹ́jẹ́, ló pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dán áàpù kan wò lọ́sẹ̀, kí ọwọ́ wọn lè mọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé, kí wọ́n sì fi í han àwọn yòókù lọ́jọ́ Ẹtì. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi káàdì òǹkàwé gidi dán an wò. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì márùn-ún fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, Ìyáàfin Pẹ́pẹ́yẹ náà wà níbẹ̀. “Ohun téèyàn ń kà,” ló máa ń sọ, “àárín òun àti ìwé ni.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Aránwèé, tó ń rán ìwé tó bá ya, fi odindi ọjọ́ mẹ́rin dán áàpù kan tó ń to ìwé táwọn òǹkàwé ń yá wò. Ó wọ awò ojú, ó kọ gbogbo bọ́tìnì tó tẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ní, “Èyí ń ṣòfófó. Kò wúlò fún wa.” Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n kò fetí sí i dáadáa, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò lọ́wọ́. Àwòrán tó ń dán lójú áàpù náà nìkan ló rí, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Bàbá ò mọ̀ ọ́n lò ni.”

Bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú áàpù yẹn kan náà. Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún orúkọ ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ? Ó kó káàdì òǹkàwé mẹ́tàlélógójì, gidi pọ́ńbélé, ó tẹ gbogbo wọn sínú fóònù ilé-ìkàwé. Áàpù bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, ó tẹ “Mo gbà.” Ó bi í léèrè òmíràn, ó tún tẹ “Mo gbà.” Bọ́tìnì náà rí róbótó, àwọ̀ ewé ni, ó sì dùn ún tẹ̀.

Ọjọ́rú wá dé.

Káfíńtà ni ẹni kẹtàdínlógún nínú àwọn orúkọ náà. Òun ló kan gbogbo pẹpẹ ilé-ìkàwé yẹn, bẹ́ẹ̀ kò lè ka ìwé kankan lára èyí tó wà lórí wọn. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní aago mẹ́rin gbogbo Ọjọ́rú, ó ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé wá yá ìwé alífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ológbò sí. Á fi ìwé ìròyìn wé e, á tì í sábẹ́ ayùn nínú àpótí irinṣẹ́. “Ọmọ mi,” ló máa ń sọ, “bó o bá rí mi níta, o ò rí mi o.”

Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n sáré gbé fóònù wọ ilé ìtọ̀, ó pa áàpù náà rẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá fi fóònù tirẹ̀ wo ojú ìwé tí télọ̀ fi hàn án. Ó ṣì wà níbẹ̀. Káfíńtà: ìwé ológbò, fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó fẹ́ wọlé pa á, wọ́n ní kó mú ọ̀rọ̀ ìwọlé wá. Ọwọ́ tó yá bí àṣá lánàá kò rántí kọ ọ́ síbì kankan. Aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Nígbà tó jáde, Màmá Ìdákẹ́jẹ́ ti rí ojú ìwé náà, ohùn rẹ̀ sì ń dún, ohun tẹ́nikẹ́ni kò gbọ́ rí nínú ilé yẹn.

“Ta ló kó àwọn òǹkàwé mi síta gbangba?”

Màmá yíjú sí Bàbá Aránwèé.

“Bàbá, ṣebí áàpù yìí lẹ dán wò?”

“Òun ni, mà. Àmọ́ ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ ni mo fi dán an wò.”

“Ṣé ẹ ò ṣèèṣì tẹ nǹkan mìíràn?”

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. “Bóyá,” ló wí. “N kò mọ̀ mọ́. Ojú ti ń di tàgbà.”

Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Ta ni kò ní gbà pé arúgbó ló ṣi bọ́tìnì tẹ̀? Àmọ́ bí wọ́n bá ń bá Bàbá fa ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀dí, ta ló máa ti ojú ìwé yẹn kí káfíńtà tó dé?

“Èmi ni, mà.”

Màmá kò pariwo mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà á jù. “Kí lo tẹ̀?”

“Mo gbà, mà.”

“Kí lo gbà?”

“N kò mọ̀, mà. N kò kà á.”

Nínú ilé tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìwé wà, ẹni tó ń yá wọn fáyé kò ka ìlà mẹ́ta tó sọ pé áàpù náà á fi orúkọ òǹkàwé àti ìwé wọn ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ilé-ìkàwé.

Bàbá Aránwèé mú ìwé àjákọ rẹ̀, ó ṣí i, ó ń kà á sókè: “ ‘Bí a bá fẹ́ jáde: ká lọ sí ojú ìwé wọn, ká fi nọ́ńbà fóònù yìí sí i, wọn á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́. Ká má kàn pa áàpù rẹ́. Ẹni tó tilẹ̀kùn kò tíì kó ẹrù jáde.’ ” Ó ń kà, ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣì í, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ojú ìwé náà ṣófo.

Aago mẹ́rin lù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò dún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá.

“Dìde,” ni Màmá wí. “Ẹnu tìrẹ lo máa fi sọ fún un.”

Ní gbogbo ọ̀nà, ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni tó mú fóònù lọ́wọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ káfíńtà, ìró ayùn dákẹ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sínú èérún pákó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Èmi ni mo fi orúkọ yín síta.”

Káfíńtà kò wojú rẹ̀. “Fóònù mi dún láàárọ̀,” ló wí. “Mo gbìyànjú láti kà á. Mo mọ ‘k’, mo mọ ‘a’, àmọ́ ó gùn jù fún mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló dé. Oníbàárà kan wà níbí tó wá gba àga. Mo gbé fóònù fún un, mo ní kó bá mi kà á sókè.”

Ó fẹ́ èérún kúrò lára pákó.

“Ó kà á sókè.”

Ọjọ́rú mẹ́ta kọjá láìfojú kàn án. Ní ìkẹrin, káfíńtà gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ní ọ̀sán gangan, láìfi ohunkóhun wé ìwé ológbò rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ gbàà.

“Mo ti kà á tán,” ló wí. “Àwọn náà ti rẹ́rìn-ín tán. Ẹ fún mi ní èyí tó tẹ̀ lé e.”

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí káàdì. Káfíńtà fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

“Rárá, ọmọ mi. Bàbá Aránwèé ni kó kọ tèmi.”

Láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ ni ọmọbìnrin náà fi ń dán áàpù rẹ̀ wò, pẹ̀lú ìwé àjákọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ “mo ti mọ̀ ọ́n” lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìka yín yá ju ojú yín lọ, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó tẹ “Mo gbà”, ẹ kà á. Bó bá sì jẹ́ àṣírí ẹlòmíràn ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí a kì í báni gba ohun tí wọn kò bi olúwarẹ̀.