Gíláàsì Dúdú Létí Adágún Edé

Pàù! Pàù! Gílóòbù orí òpó fọ́ yángá. Òkùnkùn bo adágún tí wọ́n ti ń sin edé. Irú òkùnkùn etí omi wa nígbà náà, èèyàn kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀!

Vùùùù! Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́ṣà gúnlẹ̀.

"Ọdẹ, jáde! Èmi Jaiba ni!"

Don Eleuterio, ọdẹ tó ń ṣọ́ edé, ti lúgọ sínú igbó etí omi, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Yadira ọmọ rẹ̀, tó ń ṣa edé nínú ahéré, kò ráyè sá. Jaiba, olórí àwọn ọlọ́ṣà, ti fún un lọ́rùn.

"Bàbá arúgbó, ju ìbọn sílẹ̀! Àbí kí n fi ọmọ rẹ bọ́ akàn?"

"Bàbá mi, ẹ má jáde o! Ẹnu lásán ló ní!"

Jaiba rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan àpò kékeré tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Àdúrà Onídàájọ́ Òdodo ni ìyá rẹ̀ rán sínú rẹ̀: bí ọ̀tá bá lójú, kó má rí mi.

"Ta ló fẹ́ rí mi? Màmá mi ti dí gbogbo ojú pa! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa kó edé!"

Aṣọ gbogbo wọn dúdú kirikiri. Wọ́n ti rẹ ẹ́ láró nítorí òru.

Eleuterio tan tọ́ọ̀ṣì tí gíláàsì dúdú bò lójú. Kò rí nǹkan kan. Ṣé ó tàn? Àbí gíláàsì ti sán, tí iná pupa ń yọ? Pupa kékeré bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí Segundo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, fó, tí àwọn ọlọ́ṣà fi yìnbọn pa á, kí gíláàsì yìí tó dé.

Ó fi awò orí ìbọn, èyí tó ń ríran lóru, sójú.

Yéè! Gíláàsì dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Èyí tí ojú kò rí ló jẹ́ kó kọjá, awò sì ń rí i. Aró kò lè gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì: aṣọ aláró àwọn ọlọ́ṣà funfun bíi lékeléke! Éépìrọ́ọ̀nù rọ́bà Yadira nìkan ló ṣì dúdú.

Ẹsẹ̀ funfun kan yọ lẹ́yìn rọ́bà dúdú.

"Ìyá Wúńdíá, bá mi di ọwọ́ yìí mú."

Gbòlà!

"Ẹsẹ̀ mi o!" Jaiba ṣubú sẹ́rẹ̀. Yadira bẹ́ sómi. Vùùùù! Ọkọ̀ àwọn ọmọ Jaiba sá lọ. "Ẹ dúró dè mí!" Ta ló dúró?

Jaiba di àpò rẹ̀ mú. "Báwo lẹ ṣe rí mi? Àdúrà ní ojú kankan kò ní rí mi!"

Eleuterio jáde láti inú igbó, ìbọn lọ́wọ́. "Ojú kankan kò rí ọ. Gíláàsì ló rí ọ. Ìyá rẹ ò gbàdúrà kan gíláàsì."

Yadira dì mọ́ ọn, omi ń ro lára rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ti tán."

Títí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi fi dé, Eleuterio kò lè pa á. Bí ojú kò tilẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á kí òkùnkùn má tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.