Oyin Irin Òkè Arómọ́

Ọ̀sán gangan ni oyin irin tú jáde lórí Òkè Arómọ́, wọ́n sì ń dá òdòdó ìgbẹ́ mọ̀ bí ìyá ti ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Wọ́n bà lé yúnyun, wọ́n bà lé ogbe àkùkọ, wọ́n fo koríko lásán dá. Láti ìgbà tí ooru ti pa oyin gidi run, èso ti di àwátì nílùú. Inú gbogbo ayé ń dùn, àfi Ìyùnadé, onímọ̀ tó rọ wọ́n.

Oyin rẹ̀ lójú tẹ́lẹ̀, wọn ò nímọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù tó mọ òdòdó òkè náà tán: Ìyá Àgbà Morádéùn, tó tọ́ Ìyùnadé dàgbà. Ìyùnadé wá ṣe afàrántí, ẹ̀rọ tí í fa ohun téèyàn mọ̀ jáde lórí, kó lè kó o sí oyin náà nínú. Ohun tó bá sì ti fà, kì í padà mọ́.

Bàbá Láńlẹ́hìn, àbúrò ìyá àgbà, kìlọ̀ fún un.

"Ọmọ mi, téèyàn bá fa gbùùrù, gbùùrù á fa igbó o."

"Bàbá, òdòdó nìkan ni mo fẹ́ mú. Ebi ń pa ìlú."

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló là wọ́n, ó fi oríkì pe Ìyùnadé. "Ẹ jẹ́ kí Àwẹ̀ró mi mú un. Kí ni mo fẹ́ fi òdòdó ṣe lọ́run?"

Ọlọ́gbọ́n wa gbàgbé nǹkan kan. Bí àwọn àgbà ṣe ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ mọ ọjọ́ orí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe ń fi èèyàn mọ òdòdó. Yúnyun tanná nígbà tó lóyún bàbá Ìyùnadé. Ogbe àkùkọ ló máa ń já fi há Ìyùnadé létí òsì, nígbàkígbà tí wọ́n bá jọ gòkè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí oyin tú jáde, tí afàrántí ti ṣiṣẹ́ tán, ìyá àgbà wà lórí àpáta, ó ń wòran. Ìyùnadé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá àgbà, èmi ni."

"Ẹ káàsán o, màmá. Ọmọ ta ni yín?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Oyin kan fò kúrò lórí òdòdó, ó wá bà lé e létí òsì. Òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi bo etí náà.

"Ẹ wò ó," ni ìyá àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "àwọn kòkòrò yìí mà mọ̀ yín o."